Ilẹ̀ Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Wa

Ọdún tí a tò sórí ìlà dìbò, tí wọ́n sì tún yíjú padà pé ìbò náà kò sí mọ́, ọdún yẹn ni mò ń sọ. Bẹntiróò wọ́n lọ́dún náà débi pé orí ni àwọn ará Lálúpọn fi ń ru ẹ̀gúsí wá sí Olódò. Ẹ̀gúsí ni mo fi ń rántí rẹ̀ jù, nítorí ẹ̀gúsí ni mò ń bó lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ́, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe jù.

Olódò ni ilé wa wà, ilé tí ọkọ mi kọ́ kí wọ́n tó kú. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì, ayàwòrán kan ló háyà rẹ̀. Fótò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ti níyàwó, ọmọ ìjọ aládùúrà sì ni bíi tiwa. Ẹni tí kì í gbọ́ àdúrà kó má dijú ni, ì báà jẹ́ àárín ọjà ló wà. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló kọ́kọ́ ń yà. Nígbà tó yá, ó ra kámẹ́rà fídíò, ó ní ibẹ̀ layé ń lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì inú kámẹ́rà náà kéré, kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀rọ méjì tí Fótò fi ń gé fídíò, tó fi ń tò ó pọ̀, wọn kì í gba kékeré, ńlá nìkan ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá yà lóde, a ní láti kọ́kọ́ dà á láti inú kékeré sínú ńlá. Ó ní bí èèyàn bá ń fa kékeré síwá sẹ́yìn, kámẹ́rà lè jẹ ẹ́, àwòrán á sì máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà nínú ńlá, o lè fà á títí tó fi máa dùn ún wò.

Epo pupa ni mò ń tà nígbà yẹn. Ta ló tún fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń da nǹkan láti inú kèrègbè sínú garawa? Iṣẹ́ náà tètè yé mi. Wáyà méjì ló so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀rọ: èyí tó pọ́n bí ìyeyè ló ń gbé àwòrán, funfun ló ń gbé ohùn. Bọ́tìnì tó ní àmì pupa roboto ni mo máa tẹ̀ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Èyí tó ní igi méjì tó dúró ṣánṣán ni mo máa tẹ̀ bí mo bá fẹ́ kó sinmi díẹ̀. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ igi méjì. Kò sì sí ìkánjú níbẹ̀. Fídíò tó bá gba wákàtí kan lóde, wákàtí kan náà ni dídà rẹ̀ máa gbà, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Fótò kì í gbélé; bó bá ti gbé kámẹ́rà sílẹ̀, á tún jáde lọ wá iṣẹ́. Báyìí ni èmi onílé ṣe di ọmọ iṣẹ́ ayálégbé.

Ẹni tó ń da epo kì í da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́ ọn. Fótò máa ń gbàgbé pa kámẹ́rà bó bá ń rìn láti ibì kan síbòmíràn lóde. Á gbé e kọ́ ọwọ́, kámẹ́rà á sì máa ya ilẹ̀ lọ: bàtà, koríko, ewúrẹ́, ìkòkò ọbẹ̀. Bí mo bá ti rí ilẹ̀, màá tẹ igi méjì. Bí ojú èèyàn bá padà dé, màá tún un tẹ̀.

Fótò á ní, “Ìyá onílé, kásẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá dà, bí ẹni pé wọ́n fi asẹ́ sẹ́ ẹ ni. Kì í fún mi ní wàhálà rárá bí mo bá ń tò ó.”

“Bí mo bá wá mọ̀wé ńkọ́?”

“Bẹ́ ẹ bá mọ̀wé, èmi ni màá máa gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé yín.”

Orí mi á wú, màá tún bu ẹ̀gúsí sínú abọ́.

Mo ní òfin kan. Bí mo bá ti fẹ́ da kásẹ́ẹ̀tì, màá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, màá sì pa ohùn tẹlifíṣàn mọ́ lẹ́nu pátápátá. Ohùn ṣì ń bá wáyà funfun wọ inú kásẹ́ẹ̀tì ńlá, etí tèmi nìkan ni kò gbọ́ ọ. Bí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò á kún ojú fèrèsé, wọ́n á ní kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń jà. Ìjà wo ló wà nínú ìsìnkú bàbá àgbàlagbà? Òfin kejì ni ti òwú. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré méjì péré ni Fótò ní, wọ́n wọ́n bí ojú. Bí mo bá ti da ọ̀kan tán, màá so òwú dúdú mọ́ ọn, kí Fótò lè mọ̀ pé ó ṣeé gbé lọ sóde mìíràn, kó ya ohun tuntun lé ti àtijọ́ lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, Kánò ni wọ́n ń gbé. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá ni wọ́n. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọn kò fi wálé. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ilé. Lọ́dún kìíní, wọ́n ní ìlú kò rọgbọ. Lọ́dún kejì, ìyàwó wọn bímọ. Ẹni tó bá sì ti jẹ́ kí ọdún kejì kọjá, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, ọ̀nà á sì máa gùn sí i. Wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń fi aṣọ ránṣẹ́. Ìyá wa, tí wọ́n ń gbé abúlé wa lọ́nà Lálúpọn, á ní kí wọ́n ka lẹ́tà náà fún àwọn, wọ́n á sì fi aṣọ sínú àpótí. Inú lẹ́tà tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá ẹni tó máa ya ìyá wa sí fídíò, kí àwọn lè máa rí wọn.

Mo mú Fótò lọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó obì.

Fótò ní, “Màmá, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ ní Kánò.”

“Kí n máa bá irin sọ̀rọ̀? Bó bá wá dá mi lóhùn ńkọ́?”

“Kò ní dá yín lóhùn, Màmá.”

“A jẹ́ pé kò lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.”

Wọ́n dìde, wọ́n mú wa yí ẹ̀yìnkùlé ká. Wọ́n fọwọ́ kan igi kòkó kan tí ẹ̀gbọ́n mi gbìn kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n ní, “Èyí rèé o. Ẹni tó gbìn ín kò wá ká a.” Wọ́n wá dúró láàárín àgbàlá, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbàdúrà. Mo kúnlẹ̀, mo dijú. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ látorí mi. Orí àkọ́bí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n kọ́kọ́ fi oríkì kí i, wọ́n wá gbàdúrà fún un, kó tó wá kan èmi, kó tó kan àwọn ọmọ mi, kó tó dé orí Fótò pàápàá. Mò ń gbọ́ “Àmín” Fótò lẹ́yìn mi, ó ròkè ju tèmi lọ. N kò bi ara mi léèrè pé ẹni tó ń ṣe irú àmín yìí, ta ló ń bá a wo kámẹ́rà.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo jókòó láti dà á. Fótò ti fi kásẹ́ẹ̀tì kejì ya òde kan ní Adégbàyí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó wá fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa ohùn, mo gbé abọ́ ẹ̀gúsí sórí ẹsẹ̀. Inú mi ń dùn, mò ń rẹ́rìn-ín sí ìyá wa nínú tẹlifíṣàn. Bí mo ṣe bó abọ́ kan tán gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀ dé. Ilẹ̀ àgbàlá wa, ẹsẹ̀ méjì, adìyẹ kan tó ń ṣa nǹkan jẹ. Mo tẹ igi méjì. Ilẹ̀ náà pẹ́. Mo ní, “Fótò yìí, ìgbàgbé rẹ̀ ti wá pọ̀ jù.” Mo bu ẹ̀gúsí mìíràn. Nígbà tí ojú ìyá wa padà dé, tí wọ́n ń juwọ́ sí wa pé ó dàbọ̀, mo tún un tẹ̀. Nígbà tó parí, mo so òwú dúdú mọ́ kékeré, mo gbé e sórí tábìlì.

Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ lẹ́yìn ìyẹn, ìyá wa sùn, wọn kò jí.

Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Kánò la rán sí ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí bẹntiróò, ọjọ́ mẹ́fà kọjá lẹ́yìn ìsìnkú kí wọ́n tó dé. Àárọ̀ ni wọ́n wọlé, eruku bò wọ́n, wọn kò jókòó, wọn kò gba omi.

“Ṣé wọ́n bínú sí mi?”

“Ta ni, Bọ̀dá mi?”

“Ìyá wa. Má tàn mí o.”

“Wọn kò bínú. Wọ́n gbàdúrà fún yín. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.”

“Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó pẹ́ dé nìyẹn.”

“Ó wà nínú fídíò. Ẹ wá fi etí ara yín gbọ́ ọ.”

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù Fótò, mo fi kásẹ́ẹ̀tì ńlá sí i. Ìyá wa ń bó obì. Ìyá wa ní kámẹ́rà kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá wa fọwọ́ kan igi kòkó: “Ẹni tó gbìn ín kò wá ká a.” Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu wọn. Mo ní, “Ẹ ní sùúrù, àdúrà ló kàn.” Lójijì, ìyá wa ń juwọ́ sí wa pé ó dàbọ̀. Ó tán.

“Àdúrà náà ńkọ́?”

Mo fà á sẹ́yìn, mo tún un wò. Igi kòkó, ó dàbọ̀. Igi kòkó, ó dàbọ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ilẹ̀ àti adìyẹ, tí mo sì gbọ́ “Àmín” Fótò lẹ́ẹ̀kejì nínú etí mi. Ó ti dijú. Ó ti gbé kámẹ́rà sọ kalẹ̀ nítorí àdúrà, kò sì pa á. Èmi, mo ti fi ọwọ́ ara mi da àdúrà ìyá wa nù pọ̀ mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì wọn. “Mo ti sọ fún ọ pé kó o má tàn mí.”

Mo bojú wo orí tábìlì. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti Adégbàyí, kò ní òwú, nítorí ọjà epo kò jẹ́ kí n dà á kí ìyá wa tó kú, n kò sì tí ì fọwọ́ kan iṣẹ́ látìgbà náà. Èyí tó ní òwú kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo pe ìyàwó Fótò.

“Ọkọ rẹ dà?”

“Ó ti lọ sí Moniya, Màmá, ó ń ya ìsọmọlórúkọ. Òde àkọ́kọ́ tó máa rí láti ọjọ́ yìí. Ó mú èyí tẹ́ ẹ so lówùú, ó ní ẹ ti dà á.”

Mo já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé e kọ́ apá. “Bẹ́ ẹ bá fẹ́ báàgì yín, ẹ máa bọ̀ ní Moniya.”

Ọ̀kadà kan ṣoṣo la rí, àwa méjèèjì la gùn ún dé Ìwó Róòdù, àgbàlagbà ọkùnrin níwájú, èmi lẹ́yìn, báàgì Kánò láàárín. Níbẹ̀ la ti wọ bọ́ọ̀sì. Mo mọ ibi tí àdúrà wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà: abọ́ ẹ̀gúsí kan látìbẹ̀rẹ̀. Bí Fótò bá ti ya ohun tó tó abọ́ ẹ̀gúsí kan, ó ti ń ya Moniya lé ìyá wa lórí nìyẹn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfìfo bó ẹ̀gúsí lórí itan mi, kí n lè mọ bí àkókò ṣe ń lọ.

Obìnrin tó jókòó tì mí wò mí títí. “Màmá, kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń ka àkókò.”

Ó sún mọ́ fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn kò tí ì bá mi sọ̀rọ̀ láti Olódò, bojú wo ọwọ́ mi, wọ́n ní, “Ó kù mélòó?” Mo ní, “A ti dé ìsàlẹ̀ abọ́.”

Ní Moniya, etí wa la fi tọ ohùn àlùfáà mùsùlùmí dé ibẹ̀. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán, àdúà ló kù. Gbogbo èrò tẹ́ ọwọ́ sókè. Fótò, aládùúrà, wà láàárín wọn. Kámẹ́rà rọ̀ sí i lọ́rùn, ó dojú kọ ilẹ̀, iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Fótò alára dijú, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bíi tiwọn. Gbogbo wọn pariwo: “Àmín!”

Mo ké: “Ẹ dá a dúró!”

Gbogbo ilé kọjú sí mi. Ìyá àgbà kan ní, “Ta ló ń dá ìsọmọlórúkọ dúró? Àbí ọmọ yìí ní bàbá míì ni?” Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bàbá ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Mo ti dé ọ̀dọ̀ Fótò, mo na ìka sí iná pupa náà.

“Pa á! Ìyá wa ló wà nínú ibẹ̀!”

Ó pa á. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá ọmọ, mo rò ó fún wọn bí mo ṣe ń rò ó fún ọ yìí, ó kúrú jù báyìí lọ. Ọkùnrin náà wo ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú eruku Kánò lára. Ó ní, “Ẹ máa gbé e lọ. Orúkọ ọmọ mi kò gbọdọ̀ pa àdúrà ìyá ẹni kan rẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kó ya ìyókù ní fọ́tò fún wa.” Ìyá àgbà yẹn bu àkàrà fún mi, ó ní kí n jẹun, pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já ọkàn òun.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, àwa mẹ́ta la wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Olódò. Mo ki wáyà bọ kámẹ́rà, ìyeyè àti funfun. Mo tẹ àmì pupa. Mi ò ti ilẹ̀kùn. Mo gbé ohùn tẹlifíṣàn sókè títí tó fi dé títì. Àwọn ọmọ àdúgbò sáré dé, wọ́n kún ojú fèrèsé.

Ilẹ̀ Moniya ló wà níbẹ̀, bàtà oríṣiríṣi lórí ẹní. Àwọn èrò pariwo “Àmín!” Bí àmín náà ṣe ń parẹ́ lọ, àwòrán mì lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ Moniya lọ, ilẹ̀ àgbàlá wa dé, ẹsẹ̀ ìyá wa méjèèjì, láìwọ bàtà, àti adìyẹ yẹn. Ohùn wọn jáde:

“…tó wà lókè Ọya. Kò kọ̀ mí, ọ̀nà ló jìn. Ọlọ́run, èmi ìyá rẹ̀ kò bínú. Ibi tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà á. Bí n kò bá sí nílé nígbà tó bá dé, kó mọ̀ pé mo ti dá a lóhùn kó tó kí mi.”

Ọmọ kan ní ojú fèrèsé ní, “Ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń wò.” Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ọ. Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n kọjú sí ẹsẹ̀ ìyá wa nínú tẹlifíṣàn. Mo wò wọ́n níbẹ̀, mo sì rò ó pé, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kí ló ń rí ju ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ lọ? Ojú ìyá kọ́ ni èèyàn ń wò nígbà tó bá ń gba àdúrà. Fótò kò mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ojú ọmọ máa ń wà gan-an ló ya.

Fótò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá tò ó kó dán. Màá yọ àmín àwọn ará Moniya yẹn kúrò níwájú.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè láti ilẹ̀. “Má yọ ọ́. Èmi kò sí níbẹ̀ láti ṣe àmín lọ́jọ́ náà. Àwọn mùsùlùmí Moniya ti bá mi ṣe é. Ta ni ìwọ, tó o fẹ́ yọ ọ́?”

Bí ó ṣe wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ńlá títí dòní nìyẹn.

Oríkì tí ìyá wa fi bẹ̀rẹ̀ nìkan ló bá Moniya lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ti túká, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wa, mo sì gbìyànjú láti fà á bí wọ́n ṣe máa ń fà á. Wọ́n ní, “Ohùn rẹ kò dùn tó tiwọn.” Mo ní, “Mo mọ̀.” Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ní kí n bu omi fún àwọn, wọ́n sì béèrè oúnjẹ. Láti ọdún náà, kò sí ọdún tí wọn kò wá ká kòkó wọn.

Nígbà tí ọmọkùnrin mi kejì wá kọ́ iṣẹ́ fídíò lọ́dọ̀ Fótò, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ń da kásẹ́ẹ̀tì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ti pa ohùn mọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí igi méjì. Mo gbá a lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún òun, mo tún pe àwọn yòókù kí wọ́n lè jọ gbọ́ ọ: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ojú nìkan da nǹkan tẹ́nì kan bá fi síkàáwọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá rí ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ẹni tó dúró lórí rẹ̀. Ẹ gbé ohùn yẹn sókè. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá fẹ́ kún ojú fèrèsé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kún un.”